Ìdí Tí Ẹ̀pà Fi Ń Tanná Lókè Tó Sì Ń Bímọ Sínú Ilẹ̀

Nígbà láéláé, ẹ̀pà kì í gbé inú ilẹ̀. Òkè ló ń so sí, gbangba bí ẹ̀wà. Bí èèyàn bá ń kọjá lọ, á kàn na ọwọ́, á já a, á fọ́ ọ, á jù ú sẹ́nu. Kò sí pé à ń fà, kò sí pé à ń gbọn iyẹ̀pẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ìdílé kan ṣoṣo ló ń gbin ẹ̀pà. Ìdílé Òkété ni. Oko wọn ò tóbi rárá. Bí o bá sín lórí ebè àkọ́kọ́, ẹni tó wà lórí ebè ìkẹyìn á kí ọ pé pẹ̀lẹ́.

Lápàdé tó jẹ́ ọkọ ló ń kọ ebè. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń gbìn, àwọn ọmọ ló ń tu koríko. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ títà, ti Àwẹ̀ró nìkan ni. Bí obìnrin yìí bá ń pọ́n ọjà rẹ̀, ẹni tó ti yó á tún máa wá ebi kiri.

Ìyẹ́ ni àwọn ẹyẹ fi ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ wọn. Inú ihò ni Òkété ń gbé, inú ihò sì máa ń tutù lásìkò òjò. Ìyẹ́ yẹn ni Àwẹ̀ró ń tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí òtútù má baà pa wọ́n. Ìdì ìyẹ́ kan, igbá ẹ̀pà kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ó wá di ọdún kan. Òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ oko ti dẹ̀rọ̀, gbogbo ẹyẹ wà nínú ìsinmi. Wọ́n kàn ń jókòó, wọ́n ń yán. Àwẹ̀ró wò wọ́n, ó ní ọjà rèé. Ó lọ dúró ní oríta.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ jókòó sílé ń ṣe? Ẹ nasẹ̀ wá sí oko wa. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ibòji wà, ẹ ó fojú ara yín rí bí ẹ̀pà ṣe ń so. Ẹ tún máa tọ́ ọ wò. Ẹ ò sì ní san nǹkan kan fún ìtọ́wò."

Nígbà tó délé, Lápàdé ní, "Àwẹ̀ró, mo gbọ́ ohun tí o sọ. O ò sọ ibi tí ìtọ́wò máa dúró."

"Olówó orí mi, ta ló ń wọn ìtọ́wò? Ẹni tó bá tọ́ ọ wò ló ń rà."

Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣe àṣìṣe. Láàrin àwọn tó ń tajà, òfin ni ìtọ́wò, kì í ṣe àánú. Ẹni tó bá ní kí oníbàárà má tọ́ ọjà òun wò, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà náà ti bàjẹ́. Bí o bá sì ti pe èèyàn síbi ìtọ́wò, o ò lè pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Ìyá Àparò fi dé. Obìnrin kúkúrú, ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. Ìrù rẹ̀ nígbà náà gùn, ó ń wọ́ ọ tuurutu nílẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání, ó kó àbúrò, ó kó àna, ó kó aládùúgbò.

"Ìyàwó wa, ẹ kú oko o. A wá ṣe fàájì."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Àparò. Ṣé kò sí nǹkan nílé?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdí tí a fi wá nìyẹn."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó mú wọn yí oko ká. Ó fi ebè hàn wọ́n, ó fi poro hàn wọ́n. Wọ́n ń sọ pé ó dára, ó dára. Ojú wọn ò kúrò lára ẹ̀pà.

Ìyá Àparò já ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó di ojú. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ti ebè yìí nìyẹn. Tẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

"Ọmọ ìyá máa ń yàtọ̀ síra. Ṣé o rí èmi àti àbúrò mi yìí? Òun ò gbọ́n."

Àbúrò ní, "Mo gbọ́n tó láti mọ̀ pé èmi ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Ẹnu ẹnìkan kì í tọ́ nǹkan wò fún ẹlòmíì."

Ọ̀rọ̀ di báyẹn. Oníkálùkù ń tọ́ ebè kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ikùn wọn ti yọ síta bí agbè. Àwẹ̀ró gbé igbá rẹ̀ wá.

"Ìyá Àparò, igbá mélòó ni kí n wọ̀n fún yín?"

"Igbá kẹ̀? Ìyàwó wa, a kì í kánjú ra ọjà. A ṣì ń wò ó. A ó padà wá lọ́la."

"Ẹ fi ìyẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, kí ọkàn mi balẹ̀."

"Èyí tó wà lára mi yìí? Mo ń lò ó."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dé, wọ́n sì pọ̀ ju ti àná lọ.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ ti tọ́ ọ wò lánàá."

"Ti àná ti kúrò lẹ́nu mi," ni Ìyá Àparò wí. "Àbí oúnjẹ àná ni ìwọ fi ń yó lónìí?"

Àwẹ̀ró yà lọ́nà fún wọn. Ẹni tó mọ ọjà ná mọ ìgbà tí wọ́n bá ná an mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lápàdé ṣa òkò jọ. Ó fẹ́ fi lé wọn. Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Olówó orí mi, fi í sílẹ̀. Bí a bá lé wọn, wọn ó ròyìn kiri pé ẹ̀pà wa korò, pé ìdí nìyẹn tí a ò fi jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ta ló tún máa já ìyẹ́ kan fún wa?"

Àwẹ̀ró fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí oko ká. Ìyá Àparò fò wọlé.

"Ọgbà rẹ dára o, ìyàwó wa. Mo rí i dáadáa láti òkè."

Àwẹ̀ró wá ní ẹyọ kan péré ni ẹnìkan máa tọ́ wò. Àwọn àparò jẹ ẹyọ kan, wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé padà.

"Ṣebí ìwọ ni mo fún lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi kọ́. Ìkejì mi ni. Ìbejì ni wá."

Gbogbo oko di ìbejì lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe jẹ oko yẹn nìyẹn, títí tó fi ku ebè kan ṣoṣo. Ebè yẹn ni irúgbìn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ẹ̀pà ti tán láyé. Bí ẹ̀pà bá tán, kò sí ìyẹ́. Bí òjò bá sì dé tí kò sí ìyẹ́, àwọn ọmọ Àwẹ̀ró á máa gbọ̀n nínú ihò tútù.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró jókòó ti ebè náà. Lápàdé dúró tì í.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹnu mi ni mo fi pè wọ́n. Ẹnu mi yìí náà ni mo máa fi tún un ṣe. Wọn ò ní jẹ ebè yìí."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ ẹ́."

Ó yíjú sí Ẹ̀pà. "Ẹ̀pà, ó yẹ kí o fi àwọn ọmọ rẹ pamọ́."

Ẹ̀pà ní, "Síbo? Mi ò lẹ́sẹ̀, mi ò sì lápò."

"Síbi tí èmi ń fi tèmi pamọ́ sí. Inú ilẹ̀."

"Òdòdó mi tí kò bá rí oòrùn kò lè lóyún. Bí mo bá bọ́ sínú ilẹ̀, mo yàgàn nìyẹn."

Àwẹ̀ró ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Kò burú. Jẹ́ kí òdòdó rẹ gbé ìta, kó yá oòrùn bó ṣe wù ú. Bó bá ti lóyún tán, kó tẹ ọrùn wálẹ̀, kó bímọ sínú ilẹ̀. Ojú ni àparò fi ń wá oúnjẹ. Ohun tí kò bá rí, kò ní ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò."

"Mo gbà, bí Ilẹ̀ bá gbà. Òun ló nilé."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó fi ẹnu sún mọ́ ilẹ̀. "Ẹ̀yin Ilẹ̀, onílé mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Àwẹ̀ró, ayálégbé mi," ni Ilẹ̀ dáhùn. "Kí lo tún fẹ́ kó wọlé?"

"Àwọn ọmọ Ẹ̀pà ni. Wọn ò ní pariwo, wọn ò sì ní gbẹ́ ihò."

"Kí lo máa fún mi?"

"Kí lẹ fẹ́?"

"Ìdajì."

Àwẹ̀ró dìde. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù, ó ṣe bí ẹni tó ń lọ. "Ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ n lọ bá Iyanrìn létí odò. Òun náà ní yàrá."

"Dúró ná. Ta ló ní kí o lọ? Sọ tìẹ."

"Ewé. Bí a bá kórè tán, gbogbo ewé ẹ̀pà, tiyín ni."

"Ewé gbogbo igi ló ń já bò mí lọ́fẹ̀ẹ́. Wá nǹkan míì."

"Èèpo ńkọ́?"

"Àwẹ̀ró, ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ná an lọ, wọ́n ń ná an bọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ìyá Àparò á dé. Ojú ń kán Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú ń kán òun, ọjà á gbówó lórí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin Ilẹ̀, ẹ gbọ́ èyí tí mo ní kù. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fa ẹ̀pà, ẹ di tiyín mú. Èyí tó bá tẹ̀ lé wa, tiwa ni. Èyí tó bá já sí yín lọ́wọ́, tiyín ni. A ò ní bínú, a ò sì ní tìtorí rẹ̀ bá yín jà."

Ilẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ebè fi mì. "Bí mo bá di gbogbo rẹ̀ mú ńkọ́?"

"Ta ló máa wá gbin òmíràn fún yín lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ilẹ̀ ní, "Ó dáa. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kó wọn wọlé."

Lójú ẹsẹ̀, Ẹ̀pà tẹ ọrùn wálẹ̀. Ó ti àwọn ọmọ rẹ̀ bọ inú ebè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àparò dé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ewé nìkan ni wọ́n rí, àti òdòdó tó pọ́n bí pupa ẹyin.

"Ìyàwó wa, ibo ni wọ́n lọ?"

"Wọ́n wà."

"Mi ò rí wọn."

"Ẹ já ìyẹ́, ẹ ó rí wọn."

"Ìtọ́wò wa ńkọ́?"

"Ìtọ́wò wà níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má tọ́ ọ wò. Ibi tó bá wù yín, ẹ bù ú jẹ."

Ìyá Àparò bu ewé jẹ, ó tu ú dànù. Ó bu òdòdó jẹ, ó tu òun náà dànù. Àbúrò rẹ̀ bu igi rẹ̀ jẹ, ẹnu rẹ̀ fà.

"Kò dùn," ni Ìyá Àparò wí.

"Ẹ ti tọ́ ọ wò nìyẹn. Igbá mélòó?"

Àwọn ọmọ àparò ti ń ké pé ebi ń pa àwọn. Ẹ̀pà ti bà wọ́n lẹ́nu jẹ́, wọn ò fẹ́ jẹ koríko mọ́. Ìyá wọn já ìyẹ́ kan lọ́rùn, kékeré báyìí.

"Ìyẹn ò tó bo imú ọmọ kan," ni Àwẹ̀ró wí. "Ti ìdí yín yẹn ló gùn."

"Ìrù mi? Ìyàwó wa, ẹwà mi nìyẹn."

"Oko mi náà rẹwà kí ẹ tó wá ṣe fàájì."

Ìyá Àparò wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo ìrù rẹ̀. Ó já a. Àbúrò já tirẹ̀. Gbogbo ìbejì já tiwọn pẹ̀lú. Ìyẹ́ ga ju orí Lápàdé lọ.

Àwẹ̀ró di igi ẹ̀pà mú nídìí, ó fà á. Ẹ̀pà jáde wọ̀ǹtìwọnti, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lára. Ẹnu ya àwọn àparò. Ó wọ̀n ọ́n fún wọn, kò fi dù wọ́n. Ṣùgbọ́n kò fa gbogbo ebè náà. Ó fi ìyókù sílẹ̀ fún irúgbìn.

Lápàdé tẹ̀ ba, ó wo ibi tí wọ́n ti fà á. "Àwẹ̀ró, díẹ̀ já sínú ilẹ̀. Jẹ́ n gbé ọkọ́ wá."

"Fi í sílẹ̀. Ti onílé ni."

Ìyá Àparò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn Òkété lọ sílé, ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ kiri. Ó rí ọ̀kan, ó rí òmíràn. Ilẹ̀ gbà fún un. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó lè fi ta ẹni tó bá wù ú lọ́rẹ.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e le. Àwọn ọmọ Àwẹ̀ró sùn lórí ìyẹ́, ara wọn móoru.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀pà ti ń tanná lókè lójú gbogbo ayé, tó sì ń tẹ ọrùn wálẹ̀ láti bímọ sínú ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìrù àparò ti kúrú, tó sì ń fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ kiri oko ẹ̀pà. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹnikẹ́ni ò tíì fa ẹ̀pà kó tẹ̀ lé e tán. Bí o bá fà á tí díẹ̀ já, má ṣẹ́ èpè, má sì rò pé ọwọ́ rẹ ló rọ. Ilẹ̀ ló di tirẹ̀ mú.