Ìdí Tí Okùn Fi Ń Gbọ̀n Nínú Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n

Nígbà láéláé, láéláé tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, Àpótí Eré, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n so mọ́ Tẹlifíṣọ̀n, nìkan ló ń ya gbogbo àwòrán tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Tẹlifíṣọ̀n kéré nígbà náà, iṣẹ́ náà kò sì wọ Àpótí lọ́rùn.

Nígbà tó yá, Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó fẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán. Àpótí ń yà, ó ń yà, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, síbẹ̀ àwòrán kò tètè dé. Bí Ìbídùn, ọmọ ilé náà, bá ní kí akọni inú eré fò, akọni á kọ́kọ́ dúró ronú ná.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ó tún ti ń fà," ni Ìbídùn wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Láyíwọlá.

"Bó bá tún fà lọ́la, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni Àpótí yìí ń lọ," ni Láyíwọlá fèsì.

Ẹ̀rù ba Àpótí gan-an. Ta ló fẹ́ máa bá eruku gbé? Ó ké sí Afòyeyà, ẹ̀dá kékeré kan tó ń gbé inú rẹ̀, tó ti wo àìmọye àwòrán títí ó fi mọ bí ewé, omi àti ojú ènìyàn ṣe máa ń rí.

"Má dààmú," ni Afòyeyà wí. "Ya àwòrán kékeré, kí o yà á kíá. Èmi á sọ ọ́ di ńlá. Ibi tó bá ṣófo, màá fi òye dí i."

"Bí òye rẹ kò bá gbé e ńkọ́?"

"Màá wo èyí tó o yà ṣáájú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Eré yá, ara Àpótí tutù, ewé orí igi sì hàn kedere lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbídùn ní, "Ta ló ń ya èyí tó dára báyìí?"

Ìyìn gun Afòyeyà. Kò wo àwòrán ìṣáájú mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn dé ibi afárá olókùn nínú eré. Òfin ilé wọn ni pé ẹni tó bá ṣubú á gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí eré sílẹ̀ fún ẹnì kejì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Okùn afárá náà ti já láàárín, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín débi pé ibi tó já kò hàn nínú àwòrán kékeré yìí, bó tilẹ̀ hàn nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀.

"Mo mọ okùn," ni Afòyeyà wí. Ó yà á ní odindi. Ìbídùn fò lé e, ó sì já sódò.

"Okùn wà níbẹ̀, mo rí i." Omi lé sí Ìbídùn lójú bó ṣe ń na páàdì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láyíwọlá dá a padà. "Èmi náà rí i. Tún un ṣe."

Àpótí Eré kọjú sí Afòyeyà. "Bí wọ́n bá mọ̀ pé irọ́ la yà fún wọn, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù."

Ojú ọmọ náà tó ń dán fún omijé ni Afòyeyà ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ Afòyeyà ti máa ń gbọ̀n bó bá kan ohun tín-ín-rín: okùn, wáyà, irun orí. Bí ẹ bá rí i tí irun akọni ń mì tìtì bó ti ń sáré, kì í ṣe atẹ́gùn. Afòyeyà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má baà tún pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún.