Bí Tábà Ṣe Jowú Orín

Nígbà tí ewé ṣì ń bá igi sọ̀rọ̀, tí igi náà sì ń fún un lésì, ẹ̀yìnkùlé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́túndé ni Tábà ń gbé. Tútù yọ̀yọ̀ ni Tábà nígbà náà. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí etí erin, ìgbéraga rẹ̀ sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe nǹkan kan. Ewúrẹ́ pàápàá, tó ń jẹ aṣọ tí wọ́n sá, á gbóòórùn rẹ̀, á kọjá.

Igi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹlẹ́gùn-ún, tín-ínrín bí ẹsẹ̀ lékeléke. Orín lorúkọ rẹ̀. Kò dùn, kò korò, kò ta. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni Ọdẹ́túndé ń ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan láti fi fọ ẹnu. Kò ní kí ẹnikẹ́ni títí yóò fi fọ̀ ọ́ tán, nítorí ẹni tí kò tíì fọ ẹnu kì í kí àgbà. Bí àna rẹ̀ bá dé, àna á jókòó, á máa ka igi àjà títí Orín á fi ṣe tán.

Èyí ni Tábà ń rí tí ọkàn rẹ̀ fi ń jó bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

"Ẹ wo igi ẹlẹ́gùn-ún! Òun ni wọ́n ń gbé sẹ́nu, tí èmi arẹwà dúró sẹ́yìn ilé!"

Orín rẹ́rìn-ín. "Arẹwà, kú ìdúró o. Ojú ló ń wo ẹwà, ẹnu kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Tábà wọ egungun, bí ewé bá ní egungun. Ó gba ọ̀nà ààrò lọ bá Iná.

"Iná, gbé mi wọ ẹnu Ọdẹ́túndé. Mo fẹ́ ṣáájú Orín."

"Kò le," ni Iná wí. "Ṣùgbọ́n n kì í gbé ewé tútù. Ohun tí mo bá sì gbé, mo máa ń jẹ ẹ́ ni."

"Ṣáà gbé mi!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjòwú kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìparí.

Tábà so ara rẹ̀ rọ̀ sókè ààrò títí ó fi gbẹ, tó hunjọ bí ojú ìyálé tó gbọ́ pé ìyàwó tuntun ń bọ̀. Ọdẹ́túndé rí i, ó wé e sínú háhá àgbàdo, Iná fọwọ́ kàn án, ọdẹ fà á. Òyì kọ́ ọ. Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún fà á. Ọkùnrin! Ohun tó gbé e ṣubú ló ń dìde lọ kí.

Kò pẹ́, kò dúró de Orín mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹnu àìfọ̀ kí àna rẹ̀. Bàbá náà fi apá agbádá bo imú, ó ní òun ti jókòó tó. Nínú igbó, ikọ́ ọdẹ ń ṣáájú ọdẹ. Ẹtu á gbọ́ ọ, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," á sì rìn lọ jẹ́jẹ́. Kò tilẹ̀ sáré. Bí Ọdẹ́túndé bá gun òkè kékeré, àyà rẹ̀ á máa fọn fèrè.

Owú mú Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, náà. "Bàálé mi, mo mọ̀ pé ọkùnrin lè fẹ́ ìyàwó kejì. N kò mọ̀ pé ó lè fẹ́ ewé. Òun ni ẹ ń jí bá, òun ni ẹ ń sùn tì. Oúnjẹ mi kọ́ ló sì ń jẹ, ẹ̀mí yín ni."

"Mo ti fẹ́ fi í sílẹ̀," ni ọdẹ wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jù ú nù, ẹnu mi á ṣófo, á máa pè é."

Àwẹ̀ró jáde lọ bá Orín, ó rí i tó fajúro bí ẹni tí ọkọ kọ̀.

"Ọkọ mi ń kú lọ, o ń fajúro?"

"Kí ni kí n ṣe? Tábà ń ta ẹnu, èmi ò ta. Ta ló fẹ́ igi lásán?"

"Lọ kọ́ títa nígbà náà!"

Orín sáré tọ Ata lọ. Ata ní, "Mo lè fún ọ ní oró mi. Ṣùgbọ́n kò ní kúrò lára rẹ mọ́, àwọn ọmọdé á sì máa sá fún ọ."

"Kí wọ́n máa sá. Ọdẹ mi ni mo fẹ́ gbà padà."

Bẹ́ẹ̀ ni Orín ṣe di orín ata. Àwẹ̀ró fi í sẹ́nu ọkọ rẹ̀. Bí Tábà bá pè, ọdẹ á gé orín jẹ, ahọ́n á ta, á sì kú tipiri. Tábà á dé ẹnu, kò ní bá àyè.

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni o. Lọ́jọ́ kìíní, Ọdẹ́túndé bá adìẹ jà. Lọ́jọ́ kejì, ó bá àpótí ìjókòó jà. Lọ́jọ́ kẹta, ó jí Tábà fà lẹ́yìn ilé. Àwẹ̀ró fún un ní omi tútù, ó tún ṣẹ́ orín mìíràn. Oṣù wọlé, oṣù jáde, fèrè inú àyà dákẹ́. Ẹtu kò gbọ́ nǹkan kan títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Tábà sunkún lọ bá Iná pé kó dá ewé tútù òun padà. Iná kàn nu eérú lẹ́nu ni.

Láti ọjọ́ náà ni Tábà ti ń gbẹ kí ó tó dé ẹnu ẹni tó ń fà á, tó sì ń di eérú níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orín ata ń ta ahọ́n, tí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá fi ń há a sẹ́nu títí di ọ̀sán gangan, tí àwọn aláìmọ̀kan ń bú u pé kò tíì fọ ẹnu.

Owú Tábà kò sì tíì kú. Ó ti wọnú ọ̀pá kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń fà bíi sìgá báyìí, ó fín lọ́fínńdà máńgòrò sára, ó ń wá àwọn ọmọ kiri. Bó bá bá ọ lọ́nà tó ní òun kì í ṣe Tábà, bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ẹnu rẹ ṣe.