Àgbàdo Tí A Gbìn Lójú Àparò

"A kì í gbin àgbàdo lójú àparò." Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Bí ẹ bá ti bá ará Ìdí-Ìsun dá nǹkan pọ̀, ì báà jẹ́ ilẹ̀ lẹ jọ ń rà, ì báà jẹ́ ìyàwó lẹ jọ ń wá fún ọmọ, ẹnìkan á ti pa á sí yín létí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní láti ayé ìjàpá ni. Àwọn kan ní ọdẹ kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú igbó. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Òwe yìí kò dàgbà tó èyí tó kéré jù nínú eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi. Ojú mi ló ṣe. Ara mi gan-an sì dá sí i ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, bí ẹ ó ṣe gbọ́ níwájú.

Ìlú wa ní àkùrọ̀ kan létí odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ ibòmíràn bá ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, àgbàdo tútù àti ẹ̀fọ́ ṣì máa ń hù níbẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ náà kò rí bákan náà. Èyí tó wà lẹ́nu ìsun kì í gbẹ láéláé, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún, òkúta àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ni ín. Ìdí nìyí tí ọdọọdún fi ń di ìjà. Baálẹ̀ pín in, wọ́n ní ó ṣègbè. Ìgbìmọ̀ pín in, wọ́n ní ìgbìmọ̀ jẹ ẹran àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fa àdá yọ síra wọn lórí ebè, àwọn obìnrin ló sá wọ àárín wọn.

Ni Baálẹ̀ bá ní kí á máa ṣẹ́ kèké. Ó dára, ta ni yóò ki ọwọ́ bọ àpò? Ẹnikẹ́ni tí a bá dárúkọ, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ní ojú. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi rántí Ìbíwùmí.

Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí ni Ìbíwùmí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Ìbàdàn, ó sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun lè kọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò fi ṣẹ́ kèké fún ìlú, nítorí kọ̀ǹpútà kò ní ẹbí, kò sì ní àna. Èdè tó fi kọ ọ́, Síì ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo ní, "Ìbí, lẹ́tà yẹn kò kúkú sí nínú a-b-d wa." Ó ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀ ni. Èdè náà le. Ohun tí ẹ bá kọ gan-an ló máa ṣe, kò ní bá yín wòye ohun tí ẹ ní lọ́kàn." Mo ní bàbá rẹ̀ àgbà ló ń ṣàpèjúwe yẹn, mo sì bá a gbé fún ogójì ọdún.

Ní gbọ̀ngàn ìlú, ó ṣàlàyé fún gbogbo wa. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣàdédé dá nọ́ńbà sọ. A gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, irúgbìn sì ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Inú fáìlì ni irúgbìn náà máa ń wà. Ẹ̀rọ á ṣí fáìlì, á kà á dé ìparí, á lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹni lọ ata, ara rẹ̀ ni gbogbo nọ́ńbà yóò ti hù jáde. Oníkálukú á gba nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde ló ni ẹnu ìsun, èyí tó tẹ̀lé e á gba ilẹ̀ tó tẹ̀lé e, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé oògùn wà nínú rẹ̀, ó fi gbogbo ohun tó kọ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Baálẹ̀ bi í pé, "Kí ló máa wà nínú fáìlì ọ̀hún?"

"Ohunkóhun ni, bàbá. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ohùn."

"Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, oríkì ìlú ni kí o fún un. Kí àwọn tó tẹ ilẹ̀ yìí dó lè lọ́wọ́ sí i."

Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Àbí ta ni kò ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí orí rẹ̀ wú? Èmi ni mo dìde láti kì í: "Ìdí-Ìsun, ọmọ omi-kì-í-gbẹ, ọmọ a-fẹ̀ẹ̀rùn-jẹ-àgbàdo-tútù." Mo kì í títí ìró mi fi tú, tí àwọn tó jókòó níwájú rí ju oríkì lọ. Bí mo ṣe ń kì í ni Ìbíwùmí ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Mo rí i pé ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán. Mo rò pé ebi ni.

Lọ́jọ́ kejì, a tò síwájú akọ̀wé ìlú láti gba nọ́ńbà, bí ẹ bá ṣe dé la ó ṣe gbà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyanu. Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa tó ń jẹ́ Rábíù. Rábíù yìí, kò sí aboyún tí kò lè tì sẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ omi. Lọ́jọ́ náà, ó di ọmọlúwàbí. Bó bá kù díẹ̀ kó kàn án, á yà sí ẹ̀gbẹ́: "Ẹ máa kọjá, ìyá mi. Ẹ máa kọjá, ẹ̀gbọ́n." Ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọjá, àwọn ènìyàn ń ṣàdúrà fún un, èmi náà kọjá, mo sì ṣàdúrà fún un. Lójijì, ó fò síwájú akọ̀wé bí ẹni tí ìjàlọ ta nídìí, ó gba nọ́ńbà tirẹ̀, ó ń fọn fèrè lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ń bó ẹ̀gúsí, mo ń sọ ọ́ fún Ìbíwùmí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀. Mo ń ṣe bí Rábíù ṣe ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín ṣe gé lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, nọ́ńbà wo ló gbà?"

"Kọkànlá. Mo wà nítòsí nígbà tí wọ́n pè é."

Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ, ó tẹ nǹkan, ó ń wò ó. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló yí i sí mi. Gbogbo ìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́, kọkànlá ló ń kọ́kọ́ jáde.

"Tiyín ńkọ́, Màmá? Nọ́ńbà wo lẹ gbà?"

"Keje."

"Keje ló tẹ̀lé e."

Kí n má parọ́ fún yín, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìsun. Mo ní, "Ṣé kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé omi ti ń bọ́ lójú ọmọ náà.

Ó ní, "Màmá, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ bí ìyá mi. Tí wọ́n bá ṣẹ́ kèké lọ́la, tí ẹ̀yin àti Rábíù kó ibi tó dára jù lọ, ta ló máa gbà pé n kò mọ̀ sí i? Ibi tí wọ́n ti fa àdá yọ sí ọmọ ìyá wọn, kí ni wọ́n máa ṣe fún èmi? N kò ní lè wọ ìlú yìí mọ́."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Báwo ni Rábíù ṣe mọ̀?"

"Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ìyẹn kò burú. Oríkì ló burú. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ Rábíù tó wà ní Ìbàdàn mọ kọ̀ǹpútà. Bó bá tẹ oríkì kan náà sínú ohun tí mo kọ, nọ́ńbà kan náà ló máa rí. Irúgbìn kan náà, èso kan náà."

"Ìwọ kò sì mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún Baálẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, pé oríkì ìlú kò dára?"

Mo ń ro ọ̀rọ̀ irúgbìn yẹn lọ, mo ń rò ó bọ̀. Mo ní, "O gbìn ín lójú gbogbo wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Rábíù sì dúró tì ọ́, ó ń wò ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìbíwùmí, ta ló ń gbin àgbàdo lójú àparò?"

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn, n kò gbèrò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti roko rí ló mọ ẹyẹ náà. Á dúró sétí igbó bí ẹni tí kò ní ohun tó ń ṣe, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ bí o ṣe ń gbé e. Bí o bá kúrò, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, á máa hú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ṣi ihò kan, nítorí ìwọ lo fi ìṣísẹ̀ rẹ hàn án. Ìbíwùmí nu ojú nù. Ó ní bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ní ọ̀nà àbáyọ wà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ títí tí yóò fi ṣẹlẹ̀ ni kí á gbìn, kí á sì gbìn ín nígbà tí a ti gba nọ́ńbà tán, tí ẹnikẹ́ni kò lè pààrọ̀ tirẹ̀ mọ́.

A gba ilé Baálẹ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ nídìí ẹ̀gúsí. Baálẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí itan. Ó wá ní, "Ìyá Àgbà, èmi gan-an ni mo mú ọmọ yìí lọ síwájú àparò. Ẹ jẹ́ kó tún un gbìn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbọ̀ngàn kún. Baálẹ̀ ní irúgbìn ti yí padà, nítorí pé a kì í gbin àgbàdo lójú àparò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Rábíù dìde.

"Ohun tí ìlú ti fẹnu kò lé lórí, kí ló dé tí a tún ń yí i? Àbí oríkì wa ti rùn ni?"

Obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí Rábíù yà fún kí wọ́n kọjá lánàá. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ayé lẹ jẹ́ kó kọjá lánàá. Ẹ jẹ́ kí èyí náà kọjá."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Rábíù jókòó.

Ìbíwùmí gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kékeré. Ó ní kí oníkálukú wá fi ohùn tó bá wù ú síbẹ̀, kí ó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Òun á kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, á fi ariwo tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ nínú ara rẹ̀, àwọn nǹkan wúruwùru tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀, kún un, á lọ̀ wọ́n pọ̀. Bí fáìlì kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ̀rọ á dúró, kò ní ṣe bí ẹni pé ó rí nǹkan kà. Ni àwọn ènìyàn bá ń jáde. Ẹnìkan ké bí ewúrẹ́. Ẹnìkan bú ọkọ rẹ̀, ọkọ náà jáde wá dá a lóhùn. Baálẹ̀ wúkọ́.

Ó kàn mí. Àdúrà ni mo fẹ́ gbà. Tábìlì náà rẹlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ kí ẹnu mi lè súnmọ́ fóònù. Ẹ̀wà tí mo jẹ láàárọ̀ ní òun náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó sì sọ ọ́ ketekete, bí ìgbà tí ènìyàn ya kíjìpá láti òkè délẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀, mo ń wá ẹni tí mo lè fi ẹ̀sùn náà kàn, n kò rí. Ni èmi fúnra mi bá kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ìlú sì gbà á lẹ́nu mi. Àwọn tó fa àdá yọ síra wọn lọ́jọ́sí ń fi ara ti ara wọn kí wọ́n má baà ṣubú.

Mo ní, "Ìbí, pa ìyẹn rẹ́, kí n tún un sọ."

Ó ní, "Rárá o, Màmá. Ó ti wọlé. Èyí ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Baálẹ̀ ní, "Ẹni tó ni ín gan-an kò mọ̀ ọ́n."

Ó tẹ ẹ̀rọ. Àwọn nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ló gba ẹnu ìsun, ó sì sunkún ayọ̀. Rábíù bọ́ sí àárín, ilẹ̀ tí kò dára, tí kò sì burú. Mo ń retí tèmi, mo ń retí, títí ó fi ku ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Òkúta àti ọ̀pọ̀lọ́.

Mo wo yíká gbọ̀ngàn. Kò sí ẹni tó ń kùn. Ta ni yóò sọ pé ọmọ ṣègbè, nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà ń lọ bá ọ̀pọ̀lọ́ gbé? Mo wo Ìbíwùmí, mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀, tó mí kanlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jẹ iyán mọ́ tèmi, n kò sì bá a jà. Láti ìgbà náà la ti ń ṣẹ́ kèké bẹ́ẹ̀, àdá kan kò sì tíì jáde nínú àkọ̀ nítorí àkùrọ̀.

Bí òwe náà ṣe dáyé nìyẹn. Bí ẹnìkan bá fi ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ṣe nọ́ńbà àṣírí báńkì, bí ẹnìkan bá ń ro ètò rẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ohun tó fẹ́ kí ó jẹ́ ìkọ̀kọ̀, àgbà á pè é sí kọ̀rọ̀, á ní, "A kì í gbin àgbàdo lójú àparò." Gbogbo wa là ń pa á. Rábíù náà ń pa á, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pa jù wá lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ bí oko ṣe ń rí láti ibi tí àparò dúró sí.