Páálí Tó Dorí Kodò

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Jámánì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa fi ẹfun la ìlà sórí pápá ìṣeré ìlú rẹ̀ lọ. Bàbá Ẹfun ni wọ́n ń pè é. Eré tí wọ́n ń ṣe lórí pápá náà ni bọ́ọ̀lù ọwọ́: ènìyàn mọ́kànlá níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, lórí pápá tó tóbi tó ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

Ọkùnrin yìí bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Arno, tó mọ eré náà dáadáa. Nígbà tí ogun ńlá dé, wọ́n mú Arno wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí ìhà Rọ́ṣíà. Ogun parí. Arno kò dé. Ìwé kò wá, òkú kò wá, ẹnikẹ́ni kò sì wá sọ pé òun rí i. Ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú ogun, nítorí náà bàbá nìkan ló ń dá retí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìretí náà ṣe rí. Láràárọ̀ ni bàbá ń tún ibùsùn ọmọ náà tẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan sùn lé e mọ́jú. Bí ó bá ń jẹun tí ó gbọ́ ìró bàtà lójú ọ̀nà, á dá ṣíbí dúró. Bí bàtà náà bá kọjá lọ, á máa jẹun rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò ní dùn mọ́.

Àwọn tó ṣẹ́gun ti pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì mú apá kan, Amẹ́ríkà mú apá kan, Faransé mú apá kan, Rọ́ṣíà mú èyí tó kù. Láti apá kan sí èkejì, ìwé àṣẹ ni. Kí ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ sójú kan, ìwé àṣẹ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn aláṣẹ tó gbà kí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọwọ́ láti oríṣiríṣi apá tún bára wọn díje fún ipò kìíní. Nígbà tí wọ́n gbà, ẹgbẹ́ ìlú Bàbá Ẹfun ń borí, wọ́n ń lọ síwájú.

Inú ìlú dùn. Inú bàbá náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ife ẹ̀yẹ. Ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ẹni tó bá ń wá ènìyàn rẹ̀ a máa lẹ fọ́tò mọ́ páálí, á kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀, á sì gbé e sókè níbi tí èrò bá pọ̀ sí, bóyá ẹnì kan á dá a mọ̀. Bàbá Ẹfun rò ó pé kò sí ibòmíràn tí èrò láti apá púpọ̀ ti ń pàdé bíi ti ìdíje yìí. Ó gé páálí, ó lẹ Arno mọ́ ọn, ó bá ẹgbẹ́ wọ rélùwéè. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan. Ìgbà kẹta ni àṣekágbá. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìdíje mọ́, kò sì sí ìwé àṣẹ tí yóò fi rin ìrìn àjò mọ́.

Nínú ọkọ̀, gólì ẹgbẹ́ náà, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nínú gbogbo Jámánì, Bàbá Ẹfun nìkan ló lè rin ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án láti lọ kọ ẹ̀yìn sí eré. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Kò tíì rí bọ́ọ̀lù kan tó wọ àwọ̀n láti ìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ló lọ dúró sí. Àwọn tó gbé páálí ju àádọ́ta lọ. Olúkúlùkù ń wá bí yóò ṣe wà níwájú. Bàbá Ẹfun fi ìgbọ̀nwọ́ ti obìnrin kan sẹ́yìn kí ti Arno lè hàn.

Obìnrin náà ní, “Bàbá, ṣé ọmọ tiyín nìkan ló lọ sógun ni?”

Bàbá gbé páálí rẹ̀ sókè sí i.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ariwo ń lọ lẹ́yìn wọn. Àwọn èrò tó pẹ́ dé ń kọjá, wọ́n ń wo àwọn páálí bí ẹni tó ń wo igi lẹ́bàá ọ̀nà. Apá bàbá ń ro ó, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá gbé ọwọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹni tó mọ Arno máa kọjá.

Okùn bàtà obìnrin náà já. Ó bẹ bàbá pé kí ó bá òun di páálí òun mú kí òun lè so ó. Bàbá gbà á pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó gbé e sókè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára èrò. Obìnrin náà so bàtà tán, ó gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn.

Ó ní, “Ẹ ti dorí ọkọ mi kodò, bàbá. Ìgbà kẹta rèé tí a jọ ń dúró pọ̀. Ẹ ò tíì wo ojú rẹ̀ rí.”

Ojú ti bàbá. Ó yí páálí náà padà. Kí ó tó lè yí i padà, ó di dandan kí ó wò ó.

Ó mọ ọkùnrin náà. Ní oṣù tó gbẹ̀yìn ogun, wọ́n sọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá pápá di ilé ìwòsàn àwọn ológun. Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tí ìbọn bà ní ẹsẹ̀. Gerold ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó ṣì lè dìde, ó bá Bàbá Ẹfun tún òpó àwọ̀n tó ti ń wọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹrà, ó kú. Bàbá Ẹfun wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tí àwọn ará ilé òkú náà wà láti ránṣẹ́ sí wọn. Ó gbé orúkọ náà sínú fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń wá orúkọ náà sì ti dúró tì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó rọra sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà kò kígbe. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ ọkọ òun.

Bàbá ní, “Èmi wà níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun ṣí fèrèsé. Mo ṣí i.”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ àwọn èrò. Ó ní láti ọdún mẹ́ta, òun kò lè sunkún, nítorí òun kò mọ̀ bóyá sísunkún rẹ̀ kò ní dà bíi pé òun ló pa á. Ó wá sunkún. Bàbá gbé páálí tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró síwájú rẹ̀ kí èrò má baà tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló wà tí rẹfirí fi fọn fèrè ìparí. Gólì ló wá sọ fún un pé àwọn ti fìdí rẹmi.

Nígbà tí obìnrin náà dìde, ó mú páálí Arno nílẹ̀. Ó ní ìlú òun ni ọkọ̀ tó ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun bọ̀ láti Rọ́ṣíà ti ń dúró, òun á máa gbé e síbẹ̀. Bàbá pẹ̀lú rìn láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí òmíràn, ó ń ka gbogbo páálí tó kù, kò sì kánjú.

Ó ju ọdún kan lọ kí ìwé tó dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí páálí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró. Ó ní òun àti Arno jọ ń sùn lórí pákó kan náà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, pé nígbà òtútù tó kọjá, ó ṣì wà láàyè, ó sì ń dárúkọ ìlú rẹ̀ lójú oorun. Ìwé náà kò sọ ọjọ́ tí yóò dé. Ṣùgbọ́n bàbá ti mọ ibi tí òun yóò kọjú sí báyìí tí ó bá ń gbàdúrà.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ìwọ náà ní ohun tí ò ń wá. Mo ti rí ojú rẹ nígbà àdúrà. Ó ti pẹ́ tí apá ti ń ro ọ́. N kò sọ pé kí o má wá a mọ́; Olúwa fúnra rẹ̀ mọ bí àárò ṣe ń dun ni tó. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni èyí: ẹni tó ń jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mélòó kan wá, tó ń sunkún bí ìwọ náà ṣe ń sunkún, kí ló ń bẹ Ọlọ́run fún? Ìwọ kò mọ̀. Bóyá ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú rẹ láti ọdún mẹ́ta, o kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú igbe tìrẹ ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí o tó kúnlẹ̀, yíjú sí i. Bi í pé, “Ta ni ò ń wá?” Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o lè gbọ́ ọ.