Ọjọ́ tí Wọ́n Dán Etí Àwẹ̀kẹ́ Wò

Àdúgbò kan ń jẹ́ Ìdí-Àràbà, òmíràn ń jẹ́ Ìdí-Ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìdí-Fèrè kò ní igi kankan tí wọ́n lè fi yangàn. Fèrè iléeṣẹ́ aṣọ ni wọ́n ní. Bí ó bá ti dún láàárọ̀, wọn a sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, wọn a já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ, wọn a sì forí lé ẹnu géètì. Àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ kí iléeṣẹ́ náà tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ló fi yàrá kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di àdúgbò.

Àwẹ̀kẹ́, ìyá Dékẹ́mi, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ. Ariwo ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, nítorí náà àwọn obìnrin ibẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń fi ètè lásán sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ti ìkángun gbọ̀ngàn kan bá ti èkejì ṣàwàdà, wọ́n sì lè bú ọ̀gá níṣojú rẹ̀ kó má mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo náà jẹ etí Àwẹ̀kẹ́ tán. Kò sọ fún ọ̀gá kankan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń tọ́ Dékẹ́mi, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ku ọdún kan kó jáde ìwé mẹ́wàá.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé, Ọ̀gbẹ́ni Ládépò. Lọ́jọ́ kan tí iná mànàmáná lọ, tí ẹ̀rọ dákẹ́, ó pe Àwẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dáhùn.

"Màmá yìí ti dití," ni ó wí. "Bí agogo ewu bá dún ńkọ́? Ṣé kí ó jóná sí mi lọ́rùn ni? Lọ́la, màá dán etí rẹ̀ wò. Bí kò bá gbọ́, ilé yá."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn Àwẹ̀kẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ṣùgbọ́n Sìnábù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níwájú, ó rọra mi ètè: ọmọ mélòó lo bí? Àwọn tó kù náà ń mi ètè bí ẹja inú omi.

"Mẹ́ta ni, ọ̀gá."

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀kọ àti àkàrà ni, ọ̀gá."

Gbogbo ìbéèrè ni Àwẹ̀kẹ́ dáhùn. Inú Sìnábù dùn débi pé kò lè kó ètè rẹ̀ níjàánu mọ́. Ó tún mi ètè: wo ọ̀gá, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀!

Àwẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Sìnábù, fi wọ́n sílẹ̀ jàre! Bóyá inú òkùnkùn ni wọ́n ti wọ̀ ọ́."

Ọ̀gá kò tíì sọ nǹkan kan. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ó gbójú sókè, ó sì rí ogójì obìnrin tó lanu sílẹ̀.

"Háà! Ẹ̀yin lẹ ń bá a gbọ́ ọ!"

Sìnábù bọ́ síwájú. "Bí ẹ ó bá lé e, ẹ lé èmi náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ ní kí wọ́n lu agogo yín, ká wo ẹni tí yóò gbọ́ ọ."

Ọ̀gá gbà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Ọ̀gá na etí títí, kò gbọ́ agogo kankan. Ibi tó ti ń na etí ni ẹnìkan ti fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, tó ń wọ́ ọ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀kẹ́ ni. Obìnrin tó wà nídìí ilẹ̀kùn ló rí i tí wọ́n ń lu agogo. Ètè dé ètè, ọ̀rọ̀ ti kárí gbọ̀ngàn.

Ní ìta, ọ̀gá nu òógùn ojú, ó fa ìwé yọ, ó sì kọ ọ́ síwájú orúkọ Àwẹ̀kẹ́ pé: Ó gbọ́.

Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé, fèrè rẹ̀ sì ti dákẹ́. Síbẹ̀, títí dòní, bí àwọn àgbà Ìdí-Fèrè bá rí ẹni tí ará yí ká lọ́jọ́ ìṣòro, òwe tí wọ́n ń pa náà ni pé: Ẹni tó ní ènìyàn kì í dití.