Ìdí Tí Ọmọbìnrin Kíláàsì Fi Ń Tẹ́ Ẹní Tirẹ̀ ní Ìlú Rúbì

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń rákòrò, ìlú kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Rúbì, orúkọ èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn abiyamọ ìlú náà là ń pè ní kíláàsì. Ẹni tó bá ń fẹ́ òṣìṣẹ́ á kan ìlẹ̀kùn wọn, wọ́n á sì bí i fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Aṣọ́lé ló ń bí olùṣọ́. Ó bí wọn títí, wọn ò gbọ́ra wọn yé mọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n ṣí ibodè, èkejì ní kí wọ́n tì í. Ó sú ìyá.

"Ọba kì í pé méjì láàfin," ló wí. Ó ti ìlẹ̀kùn ìbímọ pa, ó tẹ́ ẹní kan ṣoṣo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bí ẹní bá ṣófo, ẹ pè mí, n óò bí ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá ti wà lórí rẹ̀, òun náà lẹ ó máa rí."

Ìlú tòrò. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin rẹ̀ méjì jogún rẹ̀: Àwẹ̀ró tí ń ṣọ́ omi, àti àbúrò rẹ̀ Àṣàbí tí ń ṣọ́ iná. Wọ́n jogún òfin, wọ́n jogún ẹní. Mo ní ẹní kan náà o. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ pe olùṣọ́, nígbà tí ẹní ṣì ṣófo. Ọmọ rẹ̀ wáyé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ẹní.

Lọ́jọ́ kan, iná sọ nílé Àṣàbí. Ó sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe olùṣọ́. Ta ló dìde? Ọmọ Àwẹ̀ró. Ó yọjú wo odò, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá kékeré. Omi ò kún."

Iná ti mú òrùlé.

"Ìyá mi," ni Àṣàbí ké sí Ìyá Aṣọ́lé, "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń fún mi. Tèmi ńkọ́? Kò ráyè wáyé, ilé mi sì ń jó lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá wọra. "Òótọ́ lo sọ. Òfin mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jogún, kì í ṣe ẹní mi. Lọ tẹ́ tìrẹ sílé rẹ, kíá."

Àṣàbí tẹ́ ẹní, ó pè. Ẹní tirẹ̀ ṣófo, nítorí náà ọmọ tirẹ̀ wáyé. Ó gbóòórùn èéfín, ó sì ti gbé garawa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìdajì òrùlé ló kù, ṣùgbọ́n ilé dúró.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin kíláàsì ti ń jogún òfin ìyá rẹ̀, tó sì ń tẹ́ ẹní tirẹ̀: ilé kan, ọmọ kan. Ẹ má sì kan ìlẹ̀kùn ìbímọ yẹn. Rúbì á bá yín wí, kò ní wojú yín. Ilé tí ọ̀rọ̀ bá kàn ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ pe olùṣọ́ ibẹ̀, á dá yín lóhùn.