Adelé Tí Kò Mú Ìlẹ̀kẹ̀ Kan Lọ Sílé

Obìnrin kan wà tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ kí ní Kábíyèsí. Ọmọ ọba tó wàjà ni. Ní ìlú wọn, lápá Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ń ṣe adelé títí wọn yóò fi yan ọba mìíràn. Yóò wọ agbádá, yóò dé fìlà bí ọkùnrin, wọn yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn àti lọ́wọ́, àṣẹ rẹ̀ yóò sì múlẹ̀ bíi ti ọba. Má wulẹ̀ máa rẹ́rìn-ín, Ọlátẹ́jú ọmọ àbúrò mi. Àwọn ọkùnrin tó lágbára jù ọ́ lọ ló dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ ló ń ṣọ́ ọ. Ìlú ló ń bọ́ wọn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń gbé iṣu àti ẹran ìgbẹ́ wá sí ààfin nítorí wọn. Òfin ìlú lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ kò gùn rárá: ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ọba bá wà ni ẹ̀ṣọ́ ń dúró sí. Wọn kì í tẹ̀lé ènìyàn, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Obìnrin yìí lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Ó ṣe é dáadáa débi tó fi ní ọ̀tá. Àwọn onígẹdú kan fẹ́ gé igbó tó wà lórísun omi tí ìlú ń mu. Ó ní rárá. Wọ́n gbé mọ́tò tuntun wá fún un, ó ní kí wọ́n wà á padà. Ni ọ̀gá wọn bá dúró láàrin ààfin, ó ní, "Kábíyèsí, a dúpẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, a óò tún pàdé." Gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe ẹnu lásán ló ń fi sọ ọ́, nítorí àgbẹ̀ kan ti dí wọn lọ́nà rí ní ìlú kejì, inú igbó ni wọ́n ti rí òkú ọkùnrin náà.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Àwọn afọbajẹ yan ọba tuntun. Ìdílé mẹ́ta ló ń jọba níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ yí po, kò sì tíì tún kan ìdílé tirẹ̀. Kò bínú, kò gba lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ilé ìyá rẹ̀ tó fẹ́ padà sí wà ní ìpẹ̀kun ìlú, ọ̀nà oko kòkó ni wọ́n ń gbà débẹ̀, àwọn onígẹdú sì mọ ọ̀nà náà dunjú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa kúrò, olórí afọbajẹ wọlé tọ̀ ọ́. Arúgbó ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

"Kábíyèsí," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n pè yín lọ́mọ mi lónìí. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ yín tó kéré jù yẹn, ẹ má bọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ bò ó. Bí ẹyọ kan bá wà lára yín, ẹ̀ṣọ́ méjì lè máa bá yín lọ, kò sì sí ẹni tí yóò fi òfin mú wọn. Ta ló fẹ́ kà á?"

Òótọ́ sì ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á. Obìnrin náà fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú ẹyọ kan lọ, ọba méjì ló máa wà nílùú yìí. Ẹ̀ṣọ́ á pín, iṣu ìlú á pín. Bí ó bá di ọ̀la, ọmọ mi á ní ìlẹ̀kẹ̀ ìyá òun ni, kí wọ́n fún òun náà ní ẹ̀ṣọ́. Ibo ló máa wá parí sí?"

Ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sínú àwo, ó kà á lójú bàbá, ó pé. Ó bọ́ agbádá, ó ró ìró, ó wé gèlè. Bí ọba tuntun ti ń gba ẹnu-ọ̀nà iwájú wọlé, òun gba ẹ̀yìn jáde, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Olórí ẹ̀ṣọ́ ń wò ó lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀. Inú ilé ni ìlẹ̀kẹ̀ wà. Mo yin òun náà.

Háà, ìrìn ọjọ́ náà le! Ilé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ààfin, obìnrin aláró kan ló ń gbé ibẹ̀, aró ti gba ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó rí i, ó dìde.

"Ọmọ ọba, ilé lẹ̀ ń lọ? Ẹ jẹ́ kí n sìn yín díẹ̀."

Ìwọ náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í jẹ́ kí àlejò dá jáde. Ó sìn ín dé ilé kejì. Ẹni tó ń gún iyán níbẹ̀ gbé ọmọ odó jù sílẹ̀, ó ní òun náà á sìn wọ́n dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ jáde tòun ti òòlù lọ́wọ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń sìn ín, kò sí ẹni tó yà padà. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀nà oko kòkó, wọ́n ti lé ní ogójì, àwọn mìíràn pọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ onígẹdú.

Wọ́n bá àwọn onígẹdú níbi tí ọ̀nà ti yà. Mọ́tò kan dúró, ọkùnrin mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn yọ orí jáde, ó ní, "Wọn ò tíì gba ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí ni?"

Alágbẹ̀dẹ dá a lóhùn, ó ní, "Ẹ̀ṣọ́ kẹ̀? Ó ń lọ sílé, à ń sìn ín ni."

Ọkùnrin náà wò wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ṣáná sí mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yẹn kò dá lọ sóko mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó sin òun.

Mo ti dàgbà, mo ti rí olóyè lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí pé ẹ̀rù bà á, tó sì bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, orí mi a máa wú.

Ọlátẹ́jú, o ṣe alága káńsù fún ọdún mẹ́ta. O ṣe é, mi ò jiyàn. Ìwọ lo la ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n alága mìíràn ti wọlé láti oṣù kẹta, ọlọ́pàá méjì ṣì jókòó sẹ́nu géètì rẹ, o sì gbé lẹ́tà wá fún mi pé kí n bá ọ fọwọ́ sí i, kí ìjọba fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ títí ayé, kí wọ́n sì máa pè ọ́ ní Alága lọ. O ní ẹ̀mí rẹ ò dè. Obìnrin yẹn ní ọ̀tá tó lórúkọ, tó sì lójú. Ìwọ ń kọ́? Ta ló ń lé ọ? Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni pé wọn ò ní yà lọ́nà fún ọ mọ́. Má bínú sí mi, àgbà kì í purọ́ fún ọmọ àbúrò rẹ̀.

Mi ò ní fọwọ́ sí i. Jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá yẹn padà sí àgọ́ wọn, kí wọ́n lọ máa ṣọ́ ìlú. Kí ìwọ fẹsẹ̀ rìn gba àdúgbò yìí kọjá lọ́sàn-án gangan, kí o wo iye ẹni tó máa dìde. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dìde, o ò tíì darúgbó, àyè ṣì wà láti tún un ṣe. Ó yá, nàró. Fi bàtà rẹ sẹ́sẹ̀. Èmi á sìn ọ́ dé ìta. Àwọn tó kù, ìwọ lo máa wá wọn.